Òjé Tó Kọ̀ Láti Ṣe Alárinà: Ohun Tí Ojú Mẹ́táàlì Ń Ṣe Nínú Omi Bátìrì



Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìbéèrè kan wà tí àwọn ará àdúgbò wa níbí ní Òtò máa ń bi mí ju gbogbo ìbéèrè lọ. Kì í ṣe nípa ìdánwò, kì í sì í ṣe nípa bí ọmọ ṣe lè wọ yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Pùròfẹ́sọ̀, omi wo gan-an ló yẹ ká máa bù sínú bátìrì?" Ẹni tó ní ìnfátà nílé ń béèrè, ẹni tó ń fi bátìrì tan iná ní ìsọ̀ lọ́nà Ọyìngbò ń béèrè, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe náà ń béèrè.

Ìdáhùn mi kò ju gbólóhùn kan lọ: omi tí wọ́n ti sè di ooru, tí wọ́n sì gbá ooru náà jọ tó padà di omi. Òun ni wọ́n ń tà ní "distilled water". Àmọ́ tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, èsì tí mo máa ń gbà ni pé omi bọhóòlù tiwọn mọ́ kedere, wọ́n ń mu ún, kò ṣe ikùn wọn ní nǹkan kan, kí ló wá kan bátìrì? Òótọ́ ni pé omi tó dáa fún ikùn lè pa bátìrì. Ìdí rẹ̀ sì wà nínú ọ̀kan lára ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì tó dùn mọ́ mi jù láti kọ́ni, tí púpọ̀ nínú yín sì máa ń sá fún: bí ojú mẹ́táàlì ṣe ń mú kí ìpààrọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yára nínú omi. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ lónìí.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ọ̀rọ̀ kékeré kan. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, "mẹ́táàlì" ni mo máa pe gbogbo ìdílé wúrà, fàdákà, bàbà, òjé, síǹkì àti irin. Tí mo bá wá sọ pé "irin", irin gangan tó ń dógùn-ún ni mò ń sọ.

Ẹni tó ń fún ni àti ẹni tó ń gbà

Ẹ rántí ohun tí redox jẹ́. Èròjà kan yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èròjà kejì gbà á. Kò sí ẹni tó lè fúnni láìsí ẹni tí yóò gbà, ìdí nìyẹn tí orúkọ méjèèjì fi so pọ̀. Tí ẹ bá ki ìṣó irin bọ inú omi copper sulphate, láìpẹ́ ẹ máa rí i tí bàbà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìṣó náà. Irin ló ń fúnni, bàbà ló ń gbà.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú irú nǹkan báyìí, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ra wọn lọ́kàn yín. Àkọ́kọ́: ṣé ìpààrọ̀ náà ṣeé ṣe? Ìṣirò agbára ló ń dáhùn ìyẹn. Ìkejì: ṣé yóò yára? Ìṣirò agbára kò lè sọ ìyẹn fún wa. Tí a bá po háídrójìn mọ́ ọ́síjìn sínú ìgò, ìṣirò ní kí wọ́n di omi. Síbẹ̀, ìgò náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ra wọn, ṣùgbọ́n òkè kan wà láàárín wọn tí wọn ò lè gùn.

Ní ọdún 1823, Johann Döbereiner ní ìlú Jena ní Jámánì fẹ́ háídrójìn sí ara plátínọ́ọ̀mù tó rí wúruwùru bíi kànìnkànìn. Kò ṣáná sí i rárá. Plátínọ́ọ̀mù náà gbóná, ó pọ́n, háídrójìn sì gbiná nínú afẹ́fẹ́. Ó fi ìmọ̀ yìí ṣe àtùpà. Nígbà tó di 1835, Jöns Jacob Berzelius ti Sweden fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ tí a ń pè é títí dòní, catalysis.

Alárinà ni èmi máa ń pe irú ohun tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní kíláàsì. Ẹ mọ òwe wa: bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Alárinà kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ìyàwó, kò sì bá wọn bímọ. Ṣùgbọ́n láìsí òun, àwọn méjèèjì ì bá ṣì máa wo ara wọn lókèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni plátínọ́ọ̀mù rí: tí iṣẹ́ bá parí, òun ṣì wà bó ṣe wà.

Ọ̀nà méjì tí ojú mẹ́táàlì ń gbà ṣe é

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìfarakanra. Èròjà á wá bà lé ojú mẹ́táàlì, á lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, okùn tó so ó pọ̀ nínú ara rẹ̀ á sì dẹ̀. Háídrójìn méjì tó di ara wọn mú gírígírí á tú sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á jókòó sí ààyè tirẹ̀. Láti ibẹ̀, ó rọrùn fún wọn láti bá ẹlòmíràn lọ.

Ọ̀nà kejì ló kan ọ̀rọ̀ wa jù lónìí, òun náà ló sì ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Nínú omi, ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà kò tilẹ̀ ní láti pàdé. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń rìn nínú mẹ́táàlì fàlàlà. Nítorí náà, ẹni tó ń fúnni lè yọ̀ǹda tirẹ̀ ní igun kan, kí ẹni tó ń gbà gba tirẹ̀ ní igun kejì.

Ẹ wo alájọ. Ìyá kan san owó fún un láàárọ̀ ní Ọyìngbò. Lọ́sàn-án, ìyá mìíràn gba owó lọ́wọ́ alájọ yìí kan náà ní Ìddó. Àwọn ìyá méjèèjì ò ríra wọn rí. Síbẹ̀, owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Mẹ́táàlì ni alájọ inú omi.

Báwo ni alájọ yìí ṣe ń mú kí ìwé rẹ̀ dọ́gba? Tí àwọn tó ń san bá pọ̀ ju àwọn tó ń gbà lọ, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa gbá jọ sára mẹ́táàlì. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, ó ń nira sí i fún ẹni tó fẹ́ san, ó sì ń rọrùn sí i fún ẹni tó fẹ́ gbà. Kò ní pẹ́ tí sísan àti gbígbà fi máa dọ́gba. Mẹ́táàlì á dúró sí ìwọ̀n fóltì kan tí kì í ṣe ti ẹni tó ń fúnni nìkan, tí kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń gbà nìkan. Àárín méjèèjì ni yóò wà, bí iye tí olùtà àti olùrà bá fẹnu kò sí lẹ́yìn tí wọ́n ti ná ọjà tán.

Carl Wagner àti Wilhelm Traud ló fi èyí lélẹ̀ ní Jámánì ní 1938. Ohun tí wọ́n sọ ni pé a lè wọn apá tó ń fúnni lọ́tọ̀, ká wọn apá tó ń gbà lọ́tọ̀, ká wá tẹ́ ìlà méjèèjì sórí ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti dọ́gba ló máa sọ fún wa bí gbogbo ìpààrọ̀ náà ṣe máa yára tó. Lẹ́yìn wọn, Michael Spiro ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an wò. Ọ̀kan lára èyí tó lò jù ni potassium ferricyanide àti iodide. Tí a bá da méjèèjì pọ̀ sínú omi, wọ́n á máa falẹ̀. Tí a bá ki plátínọ́ọ̀mù tó mọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á yára. Ìlà méjèèjì sì máa ń sọ bí yóò ṣe yára tó, tí a bá rántí pé iodide fúnra rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ojú plátínọ́ọ̀mù, tó sì ń yí ìwà rẹ̀ padà. Alájọ tí oníbàárà kan ti jókòó tì kò lè dá àwọn yòókù lóhùn bó ṣe yẹ.

Kì í ṣe gbogbo mẹ́táàlì ló jẹ́ alárinà rere

Ní kíláàsì, ohun kan wà tí mo máa ń ṣe. Màá ki síǹkì tó mọ́ dáadáa bọ inú ásíìdì tí kò le púpọ̀. Ìhóòhù á máa yọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, kò ní yá rárá. Màá wá mú wáyà bàbà, màá fi kan síǹkì náà nínú ásíìdì yẹn. Kíá, ìhóòhù á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Níbo ló ti ń ru? Lára bàbà ni! Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á rò pé bàbà ni ásíìdì ń jẹ. Irọ́ ni. Bàbà ò dín rárá. Síǹkì ló ń tán lọ, tó ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ránṣẹ́ gba inú wáyà kọjá, tí ásíìdì sì ń gbà á lójú bàbà, tó ń fi í ṣe háídrójìn. Láti 1830 ni Auguste de la Rive ní Geneva ti kíyè sí i pé síǹkì tó ní ìdọ̀tí mẹ́táàlì mìíràn nínú máa ń yára tán nínú ásíìdì ju èyí tó mọ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú bàbà sàn ju ojú síǹkì lọ fún sísọ ásíìdì di háídrójìn. Plátínọ́ọ̀mù tún sàn ju bàbà lọ fíìfíì. Òjé ńkọ́? Òjé wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tí a bá gbé ojú plátínọ́ọ̀mù àti ojú òjé tó tóbi bákan náà síra wọn, bí iṣẹ́ yìí ṣe ń yára sí lórí plátínọ́ọ̀mù fi nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ìgbà ju ti òjé lọ. Bílíọ̀nù kan o.

Kí ló fà á? Paul Sabatier ará Faransé, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, ló kọ́ wa ní ọgbọ́n ìyẹn. Alárinà rere kì í di ènìyàn mú jù, kì í sì í jẹ́ kó bọ́ jù. Tí háídrójìn ò bá lè lẹ̀ mọ́ ojú mẹ́táàlì, kò sí bí ìpààrọ̀ ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá lẹ̀ jù, kò ní lè kúrò kí ẹlòmíràn jókòó. Plátínọ́ọ̀mù wà láàárín gbùngbùn. Òjé kì í fẹ́ di háídrójìn mú rárá.

Ọ̀lẹ òjé ni a ń sanwó fún

Ẹ wá jẹ́ ká padà sídìí bátìrì. Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe bátìrì olójé ní 1859. Títí dòní, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà púpọ̀: pẹlẹbẹ òjé ní apá kan, pẹlẹbẹ lead dioxide ní apá kejì, ásíìdì sulphuric láàárín. Yàrá kan ń mú nǹkan bíi fóltì 2 jáde. Mẹ́fà ló ń di 12.

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Omi lè pín sí háídrójìn àti ọ́síjìn tí fóltì bá ti ju 1.23 lọ. Fóltì 2 ló wà nínú yàrá bátìrì kọ̀ọ̀kan, omi ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ìṣirò agbára ń sọ pé ó yẹ kí bátìrì máa jẹ omi inú rẹ̀ tọ̀sán tòru, kí òjé náà sì máa yọ́ sínú ásíìdì, kí háídrójìn máa jáde. Tó bá jẹ́ ìṣirò nìkan ni, bátìrì tí ẹ rà lónìí ì bá ti kú kó tó dé ilé.

Kí ló wá ń gbà á là? Ọ̀lẹ òjé ni. Ojú òjé kọ̀ láti ṣe alárinà fún háídrójìn, ojú lead dioxide náà kò sì yá sí iṣẹ́ ọ́síjìn. Gbogbo owó tí a ń san fún bátìrì olójé, orí ọ̀lẹ yìí ló dúró lé. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gbé alárinà tó já fáfá wọ inú bátìrì ti ba ilé náà jẹ́.

Ohun tí omi bọhóòlù ń gbé wọlé

Omi ilẹ̀ tiwa ní ẹ̀bá ọ̀sà kì í ṣàìní nǹkan nínú. Ẹ wo báàfù àti àwo ìfọwọ́ nínú ilé tó ń lo bọhóòlù: àbàwọ́n pupa tó wà níbẹ̀, irin ni. Ibòmíràn, iyọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Irin inú omi máa ń ṣe iṣẹ́ arìnrìn-àjò. Ó á lọ sídìí pẹlẹbẹ lead dioxide, á fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ níbẹ̀. Á wá rìn gba inú ásíìdì kọjá sídìí pẹlẹbẹ òjé, á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn, á tún padà. Lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, tọ̀sán tòru, láìsí pé ẹ tan gílóòbù kan. Ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ń jẹ lára iná tí ẹ ti fi pamọ́ sínú bátìrì. Irin náà kì í sì í tán, torí ohun tó gbà níhìn-ín ló ń fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí bátìrì tó kún lálẹ́ fi lè ti rẹ̀ láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó.

Bàbà àti nickel ní ọ̀nà tiwọn. Àwọn a máa lọ bo ojú òjé ní tótòtó. Tótó kọ̀ọ̀kan di alárinà kékeré: ohun tí mo fi wáyà bàbà ṣe fún síǹkì ní kíláàsì, òun gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì yín. Ibẹ̀ ni háídrójìn á ti máa hó, tí omi á máa dínkù, tí òjé á máa di èérí funfun. Iyọ̀ ní tirẹ̀ á máa jẹ egungun òjé tó gbé pẹlẹbẹ ró.

Àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ èyí dáadáa. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń po antimony mọ́ òjé kí egungun rẹ̀ lè le. Ṣùgbọ́n antimony máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ láti apá kan lọ bà lé apá kejì, ó sì sàn ju òjé lọ níbi iṣẹ́ alárinà. Ìdí nìyẹn tí bátìrì ìgbà náà fi máa ń gbẹ omi kíákíá. Nígbà tí wọ́n fi calcium rọ́pò rẹ̀, omi ò gbẹ bẹ́ẹ̀ mọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí bátìrì tí wọn ò ṣí ìdérí rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn àwọn omi yòókù tí ẹ máa ń dárúkọ. Omi tí a sè lásán ńkọ́? Kòkòrò àìsàn ló kú, irin àti iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kódà wọ́n tún ki sí i, torí omi ti dín. Pure water? Wọ́n ṣe é fún ẹnu, wọn ò yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò. Omi òjò? Tó bá ti orí páànù ṣàn wálẹ̀, ó ti kó síǹkì, irin àti eruku dání. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù? Òótọ́ ni pé ooru tó di omi ni, ṣùgbọ́n ó ti gba ara mẹ́táàlì àti eruku kọjá kó tó kán sínú ike. Ẹ ra ojúlówó, kí ẹ sì fi ike tàbí ìgò bù ú, kì í ṣe agolo.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ o. Háídrójìn tó ń jáde kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Tó bá ti tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú yàrá, iná kékeré lè mú kó bú gbàù, ásíìdì á sì fọ́n sójú ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má gbé bátìrì ìnfátà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò. Ẹ má tan àbẹ́là tàbí ìṣáná láti fi wo omi inú rẹ̀. Ẹ máa wọ awò ojú tí ẹ bá fẹ́ ṣí i. Omi ni kí ẹ fi kún un, ẹ má fi ásíìdì kún un, torí omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í bá a lọ. Ìgbà tí bátìrì bá ti kún tán ló dáa kí ẹ fi omi kún un, àyàfi tí pẹlẹbẹ bá ti yọrí síta. Nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ bu ìwọ̀nba tó máa bò ó.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé plátínọ́ọ̀mù àti palladium tí a ń sá fún nínú bátìrì, wọ́n wúlò gan-an lórí rẹ̀. Àwọn ìdérí kan wà tí wọ́n fi mẹ́táàlì wọ̀nyí sínú wọn. Háídrójìn àti ọ́síjìn tó ń jáde á pàdé lójú mẹ́táàlì náà, wọ́n á padà di omi, omi á sì kán padà sínú bátìrì. Iṣẹ́ Döbereiner ti 1823 nìyẹn, lórí bátìrì ìsinsìnyí. Alárinà kan náà: níbi kan ó jẹ́ ọ̀tá, níbòmíràn ó jẹ́ ọ̀rẹ́.

Ojú ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìwọ̀n

Kí n fi ìṣirò kékeré kan kún un. Ẹ mú ìgbálẹ̀ mẹ́táàlì kan tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ntímítà 1. Ìhà mẹ́fà ló ní, nítorí náà ojú rẹ̀ jẹ́ 6 lórí ìwọ̀n sẹ̀ntímítà alápá mẹ́rin. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ mílímítà 1: ó di 1,000 ẹyọ, ojú rẹ̀ sì di 60. Ẹ wá gé e títí ìhà ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi di nánómítà 10: ojú rẹ̀ á tó mítà alápá mẹ́rin 600, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀ plọ́ọ̀tì kan níhìn-ín. Mẹ́táàlì ò pọ̀ sí i, ojú ló pọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí bàbà tí ojú ò lè rí fi lè ba bátìrì ńlá jẹ́. Ìdí kan náà ló mú kí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ladoke Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa fi omi èèpo kòkó àti ti obì ṣe fàdákà wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì dán irú mẹ́táàlì wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ wò láti ṣí àwọ̀ aró nínú omi. Èèpo tí a máa ń dà sórí ààtàn ló ń ran fàdákà lọ́wọ́ láti di alárinà.

Ohun tó kù láti sọ

Bátìrì tó bá tètè kú kì í parẹ́. Yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra pàǹtírí, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n á yọ́ òjé rẹ̀. Òjé kì í ṣeré pẹ̀lú ọpọlọ ọmọdé. Ní 2010, ní Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé inú eruku ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà pa. Bátìrì tí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ ní ọdún méjì sí i, ọdún méjì ni òjé rẹ̀ fi jìnnà sí ilẹ̀ àwọn ọmọ wa. Tó bá sì kú, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ má dà á síta.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún bi yín pé kí ló dé tí omi tó mọ́ lójú kò fi dáa fún bátìrì, ẹ sọ fún un pé mímọ́ lójú ọ̀tọ̀, mímọ́ nídìí òjé ọ̀tọ̀. Òjé ti kọ iṣẹ́ alárinà, ẹ má bá a gba ẹlòmíràn sí i. Bí ìbéèrè bá kù, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Pàápàá jù lọ ẹ̀yin tó ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì láyé ọjọ́un, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.